Òtútù Àyà, àti Àpò Owó Tí A Fi Wá Ọ̀nà Àtidènà Rẹ̀

Àìsàn tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ìyá tí ó bá ti rí i rí lára ọmọ rẹ̀ kò jẹ́ gbàgbé rẹ̀ mọ́: ara ọmọ a máa gbóná janjan, ihò imú rẹ̀ a máa fẹ̀, egungun ìhà rẹ̀ a máa wọnú bí ó ti ń mí, èémí náà a sì máa yára tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi ní lè kà á. Òtútù àyà ni àwọn baba wa ń pè é, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ooru ni ó ń bá ẹni tí ó mú jà. Nígbà mìíràn òun fúnra rẹ̀ ni ó dé. Nígbà púpọ̀ ẹ̀wẹ̀, ẹ̀yìn àìsàn mìíràn ni ó ń tẹ̀lé wọlé, bí èéyi, ikọ́ líle tàbí infulúẹ́ńsà, gẹ́gẹ́ bí olè ti í gba ẹnu ọ̀nà tí ẹlòmíràn ti já sílẹ̀ wọlé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2019 nìkan, àwọn ọmọdé tí kò tí ì pé ọdún 5 tí òtútù àyà pa ní gbogbo ayé ju 740,000 lọ.

Èmi kì í ṣe oníṣègùn, n kò sì wá láti kọ́ ẹnikẹ́ni ní bí a ti ń wo àìsàn. Ìtàn ni iṣẹ́ mi, ìbéèrè ti ìtàn ni mo sì mú wá: ta ni ó san owó tí a fi wá ọ̀nà àtidènà àìsàn yìí, kí ni ó sì mú un san án? Nítorí ìmọ̀ kì í já bọ́ láti òkè. Ẹnìkan ni yóò máa bọ́ ẹni tí ń wá a, ẹnìkan ni yóò ra ìgò àti ehoro àti ẹṣin, ẹnìkan ni yóò san owó ilé tí a ti ń ṣe iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó bá sì gbé owó kalẹ̀, òun ni ó máa ń sọ irú ìbéèrè tí a ó kọ́kọ́ dáhùn, àti ẹni tí a ó dá a fún.

Ní ọdún 1881 ni a kọ́kọ́ kọ̀wé nípa kòkòrò tí ó ń fa èyí tí ó burú jù nínú òtútù àyà. Àwọn méjì ni ó rí i láìjọ gbìmọ̀: Louis Pasteur ní ilẹ̀ Faransé, àti George Sternberg, oníṣègùn àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà. Inú itọ́ ọmọ kan tí àrùn dìgbòlugi pa ni Pasteur ti rí i. Ti Sternberg yani lẹ́nu jù, nítorí itọ́ ẹnu ara rẹ̀ ni ó fi abẹ́rẹ́ gún sí ara ehoro, ehoro sì kú. Báyìí ni a ṣe mọ̀ pé kòkòrò náà, tí a wá ń pè ní pneumococcus, a máa gbé inú ọ̀fun ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, láìṣe é ní ibi kankan, títí di ọjọ́ tí àárẹ̀ tàbí àìsàn mìíràn bá ṣí ọ̀nà fún un láti sọ̀kalẹ̀ sínú ẹ̀dọ̀fóóró. Ṣùgbọ́n ọgbọ̀n ọdún kọjá lẹ́yìn náà tí ìmọ̀ yìí kò gba ẹni púpọ̀ là. Ìgbà tí ikú bẹ̀rẹ̀ sí í pa owó àwọn ọlọ́rọ̀ lára ni a tó rí àpò tí ó ṣí.

Ẹ jẹ́ kí a lọ sí Gúúsù Áfíríkà, sí ẹkùn Witwatersrand tí a ń gé orúkọ rẹ̀ kúrú sí Rand, níbi tí Johannesburg wà. Láti ọdún 1886 tí a ti rí wúrà níbẹ̀, àwọn onílé-iṣẹ́ ìwakùsà ń wá òṣìṣẹ́ kiri. Wọ́n ń kó àwọn ọkùnrin wá láti Mozambique àti láti Nyasaland, tí a ń pè ní Malawi nísinsìnyí, ilẹ̀ olóoru tí kò mọ otútù. Nínú àgbàlá olódi ni a kó wọn sí, ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú yàrá kan. Wọn a jáde láti inú ihò ilẹ̀ tí ó móoru, pẹ̀lú aṣọ tí ó rin lára wọn, sínú otútù òru ilẹ̀ gíga. Òtútù àyà a sì máa pa wọ́n, pàápàá àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ikú náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin halẹ̀ mọ́ àwọn onílé-iṣẹ́ náà pé, bí kò bá dínkù, a ó dá kíkó àwọn ará ilẹ̀ olóoru wá dúró. Ẹni tí owó rẹ̀ wà nínú òṣìṣẹ́ kò lè gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó sùn.

Ní ọdún 1911 wọ́n ránṣẹ́ sí London, sí Sir Almroth Wright ti ilé ìwòsàn St Mary's, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti kàn nítorí àjẹsára ibà jẹ̀funjẹ̀fun. Wright dé, ó pa kòkòrò òtútù àyà, ó fi òkú rẹ̀ ṣe àjẹsára, a sì fi abẹ́rẹ́ gún un sí ara àwọn awakùsà. Kí a tó parí gbogbo ìdánwò náà, àwọn tí ó wọ inú rẹ̀ tó ọ̀kẹ́ méjì ààbọ̀, èyí ni nǹkan bí 50,000. Ní ọdún 1914 ó tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde pé iṣẹ́ náà yọrí sí rere. Àwọn tí ó tún ìṣirò rẹ̀ ṣe lẹ́yìn rẹ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀. Àǹfààní tí ó wà nínú rẹ̀ kò tó nǹkan, ìwọ̀n oògùn náà sì kéré jù. Ìjọba pàápàá kò dúró de ìròyìn náà: ní ọdún 1913 ó fòfin de kíkó àwọn ará ilẹ̀ olóoru wá.

Ọ̀rọ̀ kan wà níhìn-ín tí n kò fẹ́ fi sílẹ̀. Àwọn onílé-iṣẹ́ wúrà tún pe William Gorgas, oníṣègùn ará Amẹ́ríkà tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Panama nígbà tí a ń gbẹ́ odò àtọwọ́dá níbẹ̀. Òun ti rí i ní Panama pé nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ kúrò nínú ilé gbọọrọ tí wọ́n ti ń sùn pọ̀, tí oníkálukú kọ́ ahéré tirẹ̀, òtútù àyà dínkù láàárín wọn. Ìmọ̀ràn tí ó fún àwọn ará Rand kò ju èyí lọ: ẹ fún wọn ní àyè, ẹ má kó wọn jọ pọ̀. Ṣùgbọ́n ilé kíkọ́ wọ́n ju abẹ́rẹ́ lọ, ọkàn púpọ̀ nínú àwọn tí ó ni owó sì fà sí abẹ́rẹ́. N kò sọ èyí láti bu abẹ́rẹ́ kù; bí ọ̀rọ̀ mi ti ń lọ ẹ ó rí i pé abẹ́rẹ́ náà ni ó gba ọmọ là níkẹyìn. Mo sọ ọ́ kí a lè mọ̀ pé ìbéèrè àkọ́kọ́ tí a fi owó wá ìdáhùn sí kì í ṣe, “Báwo ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí yóò ṣe yè?” bí kò ṣe, “Báwo ni wọn yóò ṣe yè nínú irú ilé tí wọ́n wà?”

Síbẹ̀ owó wúrà náà bí ọmọ kan tí ó dára. Ní ọdún 1912 ìjọba àti àwọn onílé-iṣẹ́ ìwakùsà jọ dá ilé ìwádìí sílẹ̀ ní Johannesburg, níbẹ̀ sì ni Spencer Lister ti fi sùúrù wo kòkòrò náà títí ó fi rí i pé kì í ṣe oríṣi kan. Àjẹsára tí ó bá òkan mu kò ní agbára lórí èkejì. Àwọn ará Jámánì méjì, Neufeld àti Händel, ti rí irú rẹ̀ ní Berlin ní ọdún 1910. Ìdí pàtàkì nìyí tí iṣẹ́ Wright fi dàbí ẹni tí ó fi kọ́kọ́rọ́ kan lọ ṣí ilé ogún.

Ẹ jẹ́ kí a ré òkun kọjá sí New York nísinsìnyí, nítorí ibẹ̀ ni a ti mọ ohun tí ó ya oríṣi kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Àpò mìíràn ni ó ṣí níbẹ̀. Ní oṣù January ọdún 1901 ọmọ-ọmọ John D. Rockefeller, olówó epo rọ̀bì, kú nípa ibà kan tí ń mú ọ̀fun àwọn ọmọdé, tí gbogbo owó baba ńlá rẹ̀ kò sì lè rí oògùn rà fún un. Ní ọdún náà gan-an ni Rockefeller dá ilé ìwádìí ìṣègùn sílẹ̀. Ní ọdún 1910 a ṣí ilé ìwòsàn kan mọ́ ọn, òtútù àyà sì wà lára àwọn àìsàn tí a kọ́kọ́ dojú kọ níbẹ̀. Oswald Avery dé ibẹ̀ ní ọdún 1913. Ẹni jẹ́jẹ́ ni, kò fẹ́ ìyàwó, kò sì fẹ́ràn ariwo. Ọdún márùndínlógójì ni ó lò níbẹ̀, kòkòrò kan ṣoṣo yìí ni ó sì gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn.

Ohun tí Avery àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ni pé kòkòrò náà wọ ẹ̀wù. Ẹ̀wù yìí yọ̀ bọ̀rọ́, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí ń ṣọ́ ara wa nínú ẹ̀jẹ̀ kò fi lè di kòkòrò náà mú. Ní ọdún 1923 Avery àti Michael Heidelberger fi hàn pé irú ṣúgà kan ni a fi dá ẹ̀wù náà, àti pé ìyàtọ̀ ẹ̀wù ni ó fa ìyàtọ̀ oríṣi. Oríṣi tí a ti mọ̀ títí di òní ti ju 100 lọ. Bí a bá bọ́ ẹ̀wù náà, tí a sì fi han ara ènìyàn ṣáájú, ara yóò mọ̀ ọ́n ní ọjọ́ ogun. Láàárín ọdún 1929 sí 1931 Avery àti Walther Goebel tún rí ohun kan tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ fi sí ọkàn títí n ó fi padà sórí rẹ̀: bí a bá so ṣúgà náà pọ̀ mọ́ purotéènì, ara tí kò kọbi ara sí ṣúgà nìkan yóò jí gìrì sí i. Ilé yìí kan náà ni a ti rí i, ní ọdún 1944, pé DNA ni ó ń gbé àbùdá láti ọ̀dọ̀ kòkòrò kan dé ọ̀dọ̀ èkejì. Ọ̀pọ̀ ìmọ̀ tí ayé ní lónìí nípa àjogúnbá inú ẹ̀jẹ̀ ti inú ìwádìí òtútù àyà yọ. Rockefeller kò sì sanwó fún ìyẹn.

Ṣùgbọ́n mo ti sáré kọjá ọdún 1918, ọdún tí kò ṣeé fò. Ní oṣù September ọdún náà ọkọ̀ ojú omi gbé infulúẹ́ńsà dé èbúté Èkó. Ó gba ojú irin àti ojú odò lọ sí òkè ilẹ̀, kò sì pẹ́ tí kò fi sí ìlú ńlá kan tí kò sìnkú. Ìṣirò àwọn òpìtàn ni pé nǹkan bí 500,000 ni ó kú ní Nàìjíríà, nínú ènìyàn tí gbogbo wọn jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 18. Àwọn dókítà ìgbà náà kò tilẹ̀ mọ ohun tí ń fa infulúẹ́ńsà. Kòkòrò tí kì í ṣe òun ni wọ́n dì mú. Ní ọdún 2008 àwọn oníwádìí ní Amẹ́ríkà tún yẹ ẹran ẹ̀dọ̀fóóró àwọn ọmọ ogun tí ó kú ní àkókò náà wò, èyí tí a ti pa mọ́ fún àádọ́rùn-ún ọdún, wọ́n sì rí i pé òtútù àyà tí ó tẹ̀lé infulúẹ́ńsà wọlé ni ó pa èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Ẹni tí ó já ilẹ̀kùn yàtọ̀ sí ẹni tí ó pa onílé.

Ta ni ó wá rí ẹni tí ó já ilẹ̀kùn? Àpò tí ó san owó rẹ̀ ni ó wù mí jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Ní ọdún 1911 àwọn aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin ìdánilójú fún àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n sì fi sínú rẹ̀ pé kí a máa yọ kọ́bọ̀ kan lọ́dún fún ìwádìí lórí olúkúlùkù ẹni tí òfin náà kàn. Kọ́bọ̀ kan! Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ náà pọ̀, owó náà sì tó nǹkan bí £57,000 lọ́dún. Òun ni a fi dá ìgbìmọ̀ ìwádìí ìṣègùn sílẹ̀ ní ọdún 1913, èyí tí a wá ń pè ní Medical Research Council. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ni wọ́n kọ́kọ́ ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1933 àwọn oníwádìí ìgbìmọ̀ yìí, Wilson Smith, Christopher Andrewes àti Patrick Laidlaw, mú omi tí aláìsàn fi fọ ọ̀fun, wọ́n kán an sí imú ferret, ẹranko kékeré tí àwọn òyìnbó ń sìn láti fi dọdẹ ehoro. Ẹranko náà bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Láìpẹ́ ó sín sí ojú ọ̀kan nínú àwọn oníwádìí, òun náà sì dùbúlẹ̀ àìsàn. Báyìí ni a ṣe mọ kòkòrò infulúẹ́ńsà tí ojú kò lè rí, ìmọ̀ tí gbogbo àjẹsára infulúẹ́ńsà ti jáde. Kọ́bọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ yìí kan náà ni a ó tún bá pàdé ní etí odò Gambia.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àpò ogun ni ó ṣí. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ogun òfuurufú kan wà ní Sioux Falls ní Amẹ́ríkà tí òtútù àyà ń dà láàmú. Láàárín ọdún 1944 sí 1945 Colin MacLeod, Heidelberger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi ẹ̀wù ṣúgà oríṣi mẹ́rin gún nǹkan bí ìdajì nínú ọmọ ogun 17,000 ní abẹ́rẹ́. Omi iyọ̀ lásán ni a fi gún ìyókù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, òtútù àyà láti ọwọ́ oríṣi mẹ́rin wọ̀nyí fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun àwátì láàárín àwọn tí ó gba àjẹsára tòótọ́. Ìdáhùn dé, ó sì hàn kedere. Ilé-iṣẹ́ Squibb bẹ̀rẹ̀ sí í tà á.

Kò sí ẹni tí ó rà á. Pẹnisílìnì ti dé, àwọn dókítà sì ń wí pé kí ni a ń dènà àìsàn fún nígbà tí a lè wò ó sàn? Ní àárín àwọn ọdún 1950 Squibb dáwọ́ títà rẹ̀ dúró, ilé ìwòsàn dáwọ́ yíyẹ oríṣi kòkòrò wò dúró, owó ìwádìí sì lọ sí ibòmíràn. Ìtàn ní ẹ̀rín tirẹ̀: yàrá iṣẹ́ Almroth Wright ní St Mary's ni Alexander Fleming, ọmọ abẹ́ rẹ̀, ti rí pẹnisílìnì ní ọdún 1928. Ilé kan náà ni ó bẹ̀rẹ̀ àjẹsára yìí, tí ó sì bí ohun tí ó mú kí ayé gbàgbé rẹ̀.

Ẹnìkan kò gbàgbé. Robert Austrian ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Kings County ní Brooklyn, níbi tí àwọn tálákà ìlú ńlá náà ń lọ. Láti ọdún 1952 fún ọdún mẹ́wàá ni òun fúnra rẹ̀ fi ń ka àwọn tí òtútù àyà gbé wá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rò pé àìsàn náà ti tán nílẹ̀. Òun rí i pé ó wà níbẹ̀ síbẹ̀, wíwá a ni a kò wá a mọ́. Ní ọdún 1964 òun àti Jerome Gold tẹ ohun tí ó rí jáde: ẹni tí kòkòrò náà bá ti wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé láàárín ọjọ́ márùn-ún àkọ́kọ́ ni yóò kú, pẹnisílìnì kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí ọ̀ràn rẹ̀ padà rárá. Oògùn ń gba ẹni tí ó bá lè dúró dè é. Lórí ìwé yìí ni ìjọba Amẹ́ríkà tún fi ṣí àpò rẹ̀ ní òpin àwọn ọdún 1960, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó fún àjẹsára náà bí ẹni pé a kò rí i rí. Lójú tèmi, ogún ọdún ni a sọ nù lásán, kì í ṣe nítorí àìmọ̀, bí kò ṣe nítorí pé ẹni tí ń sanwó yí ojú sí ibòmíràn.

Níbo ni a ti lọ dán an wò? A padà sí Rand. Láti ọdún 1972, àwọn ọkùnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Malawi àti Mozambique tún na apá. Nínú ìdánwò tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1976, èyí tí nǹkan bí 12,000 awakùsà wà nínú rẹ̀, bí ènìyàn 100 ìbá ṣàìsàn láti ọwọ́ àwọn oríṣi tí ó wà nínú àjẹsára náà, ó dá nǹkan bí 78 nínú wọn sí. Ní ọdún 1977 Amẹ́ríkà fún un ní ìwé àṣẹ, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á fún àwọn arúgbó àti àwọn aláìlera ilẹ̀ náà.

Ṣùgbọ́n àwọn tí ikú yìí ń pa jù ní gbogbo ayé kì í ṣe arúgbó Amẹ́ríkà, wọn kì í sì í ṣe awakùsà. Ọmọ ọwọ́ ni wọ́n. Ara ọmọ tí kò tí ì pé ọdún méjì kò sì ń kọbi ara sí ẹ̀wù ṣúgà lásán. Ìdáhùn sí èyí ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ fi sí ọkàn: so ṣúgà mọ́ purotéènì. Láti ìgbà Avery àti Goebel ni ó ti wà nínú ìwé, tí ó ń dúró de ẹni tí yóò lò ó. Ní ọdún 1980 ni Rachel Schneerson àti John Robbins, tí ìjọba Amẹ́ríkà ń sanwó fún, tó lò ó fún kòkòrò mìíràn, ìyẹn Hib, tí òun náà ń fa òtútù àyà àti àrùn ọpọlọ lára ọmọdé. Àjẹsára Hib yọrí sí rere. Èyí ni ó la ọ̀nà, tí ó fi jẹ́ pé ní ọdún 2000 a rí irú rẹ̀ gbà fún pneumococcus, fún oríṣi méje. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ Amẹ́ríkà, àwọn àgbà tí a kò fún pàápàá rí ìsinmi, nítorí ọmọ tí kò gbé kòkòrò náà sí ọ̀fun kò lè kó o ran ìyá àgbà rẹ̀.

Iye rẹ̀ nígbà náà tó nǹkan bí dọ́là 58 fún ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin sì ni ọmọ kan ń gbà á. Oríṣi méje tí ó wà nínú rẹ̀ sì jẹ́ àwọn tí ó pọ̀ jù ní Amẹ́ríkà. Oríṣi 1 àti oríṣi 5, tí ó wọ́pọ̀ lára ọmọ Áfíríkà, kò sí nínú rẹ̀.

Níhìn-ín ni kọ́bọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ tún ti yọjú. Láti ọdún 1947 ni ìgbìmọ̀ ìwádìí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn ti ní ilé iṣẹ́ ní Fajara ní Gambia. Láti ọdún 2000, pẹ̀lú owó tí ìjọba Amẹ́ríkà, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn mìíràn fi kún un, a gbé àjẹsára oríṣi mẹ́sàn-án, tí 1 àti 5 wà nínú rẹ̀, lọ sí ẹkùn Basse ní òkè odò náà. Àwọn ọmọ tí ó wọ inú ìdánwò náà jẹ́ 17,437. Ní ọdún 2005 ìròyìn rẹ̀ jáde: òtútù àyà tí a lè fi ẹ̀rọ ayàwòrán àyà rí dínkù pẹ̀lú 37 nínú ọgọ́rùn-ún, ikú láti ọwọ́ àìsàn gbogbo sì dínkù pẹ̀lú 16 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Kì í ṣe ikú òtútù àyà nìkan: ikú gbogbo ni. Nínú ọmọ 1,000 tí ó gba abẹ́rẹ́ náà, nǹkan bí 7 ń bẹ láàyè tí ìbá ti kú.

Síbẹ̀ a kò ta àjẹsára oríṣi mẹ́sàn-án náà fún ẹnikẹ́ni rí. Ọjà kò sí fún un. Ìṣòro náà dàbí ti ahunṣọ tí ó lè hun aṣọ tí yóò bo gbogbo ìlú, ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ ra òwú nítorí ó mọ̀ pé àwọn ará ìlú kò ní owó aṣọ. Michael Kremer, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tí ó dá àbá pé kí àwọn tí ó ní owó gbé e sílẹ̀ ṣáájú, kí wọ́n sì wí fún ahunṣọ pé, “Hun ún; aṣọ kọ̀ọ̀kan tí o bá tà fún tálákà ní owó kékeré, àwa yóò fi owó lé e fún ọ.” Ní ọdún 2007 a kéde rẹ̀ ní Rome, a sì fi ọwọ́ sí i ní ọdún 2009. Owó náà jẹ́ bílíọ̀nù dọ́là kan àti ààbọ̀: Ítálì san mílíọ̀nù 635, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì 485, Kánádà 200, Rọ́ṣíà 80, Norway 50, àjọ Bill àti Melinda Gates 50. Ilé-iṣẹ́ oògùn gbà láti máa tà á ní dọ́là 3.50, èyí tí a kọ́kọ́ rà sì ní àfikún tí ó sọ ọ́ di dọ́là 7.

Gbogbo ènìyàn kò yìn ín. Àwọn dókítà Médecins Sans Frontières wí pé ilé-iṣẹ́ tí ó ti ní oògùn náà lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ ni a tún kó owó fún, àti pé iye rẹ̀ ṣì ga jù. Ní ọdún 2016 wọ́n kọ ẹ̀bùn mílíọ̀nù kan abẹ́rẹ́ láti ọ̀dọ̀ Pfizer, pé owó ọjà tí ó wálẹ̀ ni àwọn ń bèèrè, kì í ṣe ọrẹ. N kò lè wí pé ẹ̀sùn wọn kò ní ẹsẹ̀. Ní òpin ọdún 2019 Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí irú rẹ̀ kan tí a ṣe ní ilẹ̀ Íńdíà, tí a dán wò ní Gambia, tí iye rẹ̀ sì jẹ́ dọ́là 2. Ó dájú nígbà náà pé ó ṣeé ṣe kí ó wọ́n níwọ̀nba. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a bí ní ọdún 2011 kò lè dúró de ọdún 2019, bí ẹni inú ìwé Austrian kò ti lè dúró de pẹnisílìnì, nítorí náà ní tèmi ó sàn kí a ti rà á ní ọ̀wọ́n ju kí a má rà á lọ.

Ní oṣù November ọdún 2011 Malawi bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ ọwọ́ rẹ̀. Ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé tí Wright fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Rand láti gún àwọn baba ńlá wọn ní abẹ́rẹ́. Mozambique tẹ̀lé e ní ọdún 2013. Ní oṣù December ọdún 2014 ó kan Nàìjíríà. A kò lè fún gbogbo ìpínlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ni ó tàn ká. Ìyá tí ó bá gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn nígbà tí ó pé ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10 àti ọ̀sẹ̀ 14 yóò rí i lára káàdì rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àjẹsára yòókù, lẹ́tà mẹ́ta péré: PCV. Itan ọmọ náà ni a ó gún un sí, ọmọ yóò sì ké.